Ìkéde Ètò Ilé Ìkàwé Tí Ará Àdúgbò Yóò Gbọ́

Àga ogún la tò kalẹ̀ fún ètò ọmọdé kan ní ilé ìkàwé, ní Sátidé ọjọ́ kan. Ọmọ mẹ́ta ló wá, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀. Ká má purọ́, inú bí mi. Mo ti ń bú àwọn òbí lábẹ́ ahọ́n kí ìyá náà tó bi mí pé, "Àǹtí, ibo lẹ lẹ ìwé ìkéde yẹn mọ́?" Mo nawọ́ sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì alábòójútó. Ó rẹ́rìn-ín. "Háà. Ẹni tó ti wọlé lẹ tún ń pè."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá ilé ìkàwé kékeré kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀ kọ ìròyìn oṣooṣù, tí mo sì ń bá wọn kéde ètò tó ń bọ̀. Ohun tí ojú mi ti rí nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún olùkọ́, ọ̀dọ́ àdúgbò, tàbí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti wí fún pé, "Jọ̀ọ́, bá wa pe èrò wá."

1. Ẹ jókòó ti alábòójútó kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ mú ìwé kíkọ kan dání, kí ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé. Apá ọ̀tún fún ìròyìn, apá òsì fún ètò. Ìròyìn ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀: ìwé tuntun dé, wọ́n ti tún òrùlé tó ń jò ṣe, aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ti yí padà. Ètò ni ohun tó ń bọ̀: àlọ́ fún ọmọdé, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ìjíròrò lórí ìwé kan, ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB. Ẹ má pò wọ́n pọ̀. Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó fún ìròyìn, ṣùgbọ́n ètò ní ìbéèrè tó pọ̀ lẹ́yìn, a ó sì dé orí wọn.

Fún ètò kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ alábòójútó. Ta ni yóò darí rẹ̀, ṣé ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi gbà? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń bu ni lọ́wọ́ jù. Ìgbà kan wà tí a kọ orúkọ bàbá kan síwèé pé òun ni yóò pa àlọ́, nítorí pé ẹnìkan sọ pé "bàbá ò ní kọ̀." Inú ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ètò ara rẹ̀. Wọ́n wá o, ẹni rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi gbogbo ọjọ́ náà bi mí bóyá mo ti gba owó wọn náà.

2. Ẹ yan ọjọ́ tí ìlú kò ní jà yín lólè

Ibi tí mo ti ń rí ọ̀pọ̀ ètò tó dára tó ń kú rèé. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò fẹ́ràn ìwé. Ọjọ́ náà ni ìlú ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́.

Ní Ifẹ̀, ẹ wo ọdún ìbílẹ̀ kí ẹ tó wo kàlẹ́ńdà. Ọdún Ọlọ́jọ́ máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, ààfin ló sì ń kéde ọjọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ọọ̀ni bá dé adé Àrè jáde lọ sí Òkè Mògún, adé tí wọn kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ, ẹni tó bá ní kí ọmọ wá kàwé nítòsí Ẹnuwà, níwájú ààfin, ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ohun tó mọ́gbọ́n wá ni kí ètò yín ṣáájú ọdún náà ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi Ọlọ́jọ́ gan-an ṣe kókó rẹ̀. Ẹ kó ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ìtàn Ifẹ̀ jáde sórí tábìlì, kí àgbà kan wá ṣàlàyé ohun tí àwọn ọmọ máa rí. Bákan náà ni ọdún Edì, tó jẹ mọ́ ìtàn Mọ́remí. Èmi kò tíì rí ọmọ Ifẹ̀ tí kò ní ìbéèrè nípa Mọ́remí.

Sátidé ni gbogbo èèyàn máa ń sáré mú, ṣùgbọ́n Sátidé ni ọjọ́ òwàm̀bẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá tó ń lọ síbi ìsìnkú ní ọ̀sán kò ní ráyè mú ọmọ wá ní aago méjì. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sàn jù. Ẹ yẹra fún Sátidé tó kẹ́yìn oṣù níbikíbi tí ìjọba bá ti ń ṣe ìmọ́tótó àyíká, nítorí títì máa dá. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ má fi ètò sí àsìkò Jímọ̀. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ẹ jẹ́ kó tètè parí, kí ẹ má sì fi bisikíìtì àti mínírà ṣe ohun tí ẹ fi ń fa ọmọ wá.

Òjò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí òrùlé yín bá jẹ́ páànù, òjò oṣù Keje kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí a ń kà. Inú oṣù Kẹjọ, tí òjò máa ń sinmi díẹ̀, tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn sì ti gba àwọn ọmọ nílé, ni èmi fẹ́ràn jù. Àwọn òbí gan-an ń wá ibi tí wọ́n máa kó wọn lọ.

Àwọn ọjọ́ kan wà lágbàáyé tó yẹ kí ẹ fi pamọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yín: ọjọ́ 21 oṣù Kejì, tí í ṣe ọjọ́ èdè abínibí, èyí tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, fọwọ́ sí ní 1999, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, ọjọ́ ìwé, àti ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nílé wa níhìn-ín, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ àwọn ọmọdé. Wọ́n dára nítorí pé àwọn olùkọ́ ti ń wá ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn bá wọn yanjú wàhálà ni.

3. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń dá ìyá ọlọ́jà lóhùn

Mo ti kọ ìkéde tó bẹ̀rẹ̀ báyìí rí: "Inú ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé wa dùn púpọ̀ láti fi tìfẹ́tìfẹ́ pe tẹrútọmọ…" Kò sẹ́ni tó kà á dé ìlà kejì. Mo mú ìwé kan náà lọ sí ọjà Odò-Ogbè, mo fún ìyá kan tó ń ta ata.

"Ẹ kú ọjà o, mà."

"Ọ̀ọ́, ọmọ mi. Kí lo gbé dé?"

"Ètò àlọ́ ni, mà, fún àwọn ọmọ, ní ilé ìkàwé."

"Eélòó ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, mà."

Wọ́n gbé ojú sókè. "Ọ̀fẹ́? Kí lẹ wá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ń bi mí, mo ń dáhùn. Nígbà tí mo délé, àwọn ìbéèrè wọn ni mo fi kọ ìkéde tuntun, mo sì fà èyí tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ ya. Àwọn ìbéèrè náà rèé: Kí ni? Ta ni wọ́n ń pè, ọmọ ọdún mélòó? Ọjọ́ wo, aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ló parí? Ibo ni, kí ló wà nítòsí ibẹ̀? Eélòó? Kí ni ọmọ máa mú dání? Ṣé mo lè jókòó tì í? Ta ni mo máa pè bí mo bá sọnù lọ́nà?

Aago tí ètò máa parí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni òbí fi ń mọ̀ bóyá òun lè rí ọmọ náà gbà kí òun tó ṣí ìsọ̀. "Òbí lè jókòó ti ọmọ rẹ̀" náà ṣe pàtàkì. Láyé tí a wà yìí, ẹni tí kò bá kọ ọ́ yóò dà bí ẹni tó ní nǹkan í fi pamọ́.

Ìkéde wa dà báyìí:

ÀLỌ́ ÀTI ÌWÉ FÚN ỌMỌ ỌDÚN MẸ́FÀ SÍ MÉJÌLÁ
Ní ilé ìkàwé àdúgbò wa
Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ
Aago mẹ́wàá sí aago méjìlá ọ̀sán
Ọ̀fẹ́ ni. Òbí lè jókòó ti ọmọ rẹ̀.
Kí ọmọ mú ike omi rẹ̀ àti pẹ́ńsùlù kan wá.
Ogún ọmọ ló ní àyè: ẹ tètè wá forúkọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpèjúwe ibẹ̀ àti nọ́ńbà ilé ìkàwé. Ó parí. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́, ẹ ṣe é lọ́jọ́ ètò. Ẹ má sì fi fọ́tò ńlá alága ìgbìmọ̀ sí i. Ògiri ìlú wa ti kún fún ìkéde òkú. Ẹni tó bá ń kọjá lórí ọ̀kadà, tó rí fọ́tò àgbàlagbà tó wọ agbádá lókè ìwé, ohun tó máa sọ ni "Ọlọ́run, bàbá yìí náà ti lọ."

Ní ti àpèjúwe ibẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ilé. Ẹ sọ ohun tí ojú ń rí: ìyànà, mọ́sálásí, ilé epo, igi. "Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Lágéré, ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé…" Ẹ rán ọmọ kan tí kò dé ibẹ̀ rí pé kó fi àpèjúwe yín wá a. Bí ó bá sọnù, àpèjúwe ló sọnù.

Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnìkan bá wa tẹ ìkéde kan láìfi àmì sí i, ó kọ ọ́ pé "omo ogun nikan lo ni aaye." Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sọ́jà wá bá wa, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun nìkan là ń pè. Wọ́n ń ṣàwàdà, mo rò bẹ́ẹ̀. Àtẹ Gboard tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android ní Yorùbá nínú. Ẹ yàn án nínú ètò èdè rẹ̀, kí ẹ wá máa tẹ lẹ́tà pẹ́ títí àwọn àmì yóò fi yọ jáde.

Ohun kan tó kù lórí kíkọ, Ifẹ̀ nìkan ló sì kàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pe "ilé ìkàwé" níbí, ohun tó máa wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni ilé ìkàwé ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, èyí tí wọ́n fi sọrí Hezekiah Oluwasanmi, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì náà láti 1966 títí di 1975. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùṣèwádìí ló wà fún. Nítorí náà, ìyá aláṣọ á sọ pé, "Àwa kọ́ ni ibẹ̀ wà fún." Ẹ kọ ọ́ gedegbe pé ilé ìkàwé ti gbogbo ará ìlú nìyí, àti pé ọmọ, àgbà, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé ló lè wọlé. Èyí kì í ṣe ojú rere yín. Láti 1949 ni UNESCO ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ilé ìkàwé ìlú ṣe gbọ́dọ̀ rí, wọ́n sì tún un kọ ní 1994 àti ní 2022 láìyí ohùn padà lórí ìyẹn.

4. Ẹ gbé e lọ bá èèyàn níbi tí wọ́n ti ń jókòó pẹ́

Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ òpó iná, wọn á fi ojú fo ó. Ẹ wá ibi tí èèyàn ti ń jókòó fún wákàtí kan tí kò ní ohun tó ń ṣe. Ọ̀dọ̀ onídìrí ló ga jù nínú gbogbo ibi tí mo ti gbìyànjú. Ìyá tó ń dirun kò lè dìde, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ rẹ̀ ń ṣe wàhálà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkéde yín wà níwájú rẹ̀ lára dígí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ilé oògùn, ọ̀dọ̀ telọ àti ìsọ̀ àwọn oní-POS. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ tọrọ àyè, ẹ má kàn lẹ ìwé mọ́ ògiri onílé.

Fún ilé ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ lọ. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọrin ìpéjọ tán. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí olùkọ́ ka ìkéde náà létí àwọn ọmọ. Ọmọ tó gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà yóò gbé e dé ilé ju ìwé tó wà nínú báàgì rẹ̀ lọ.

Fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, ìlà mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ, nítorí pé akọ̀wé tó ń ka ìkéde kò ní ka èyí tó gùn, tàbí kó gé e níbi tó wù ú. Ẹ fún un ní ọjọ́rú kí ó tó di ọjọ́ ìsìn. Bí ẹ bá gbé e fún un láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kò ní rí i kà. Kí ẹ rí i pé ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, ìdajì àdúgbò yóò rò pé ètò ìjọ ni.

Ní ti Wasáàpù, ohun díẹ̀ wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìkéde alásopọ̀ (broadcast) tí a fi ń ránṣẹ́ sí èèyàn 256 lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Mo lo oṣù méjì kí n tó mọ ìyẹn. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí òbí bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ ní kó fi nọ́ńbà ilé ìkàwé pamọ́ níwájú yín. Status kò pẹ́ ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ, ẹ máa tún un gbé sókè. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ pẹ̀lú, ìṣẹ́jú kan ó pọ̀ jù, nítorí àwọn ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ lè máà ka ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ohùn.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ètò, ẹ rán wọn létí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ tún rán wọn létí: "Ẹ káàárọ̀ o. Òní ni, aago mẹ́wàá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Bí nǹkan bá yí padà

Ẹ sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí ẹ ti kéde, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ onídìrí, ẹ kọ ọjọ́ tuntun náà gàdàgbà sórí ìwé. Ẹ sì gbé ẹnìkan dúró ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ àtijọ́ náà, nítorí ẹnìkan á ṣì wá. Ọmọ tó bá ilẹ̀kùn nítì lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó wá lẹ́ẹ̀kejì.

6. Lọ́jọ́ náà gan-an

Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà òbí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago tí ẹ sọ, ìbáà ṣe ọmọ márùn-ún ló ti dé. Àlọ́ àpamọ̀ ni kí ẹ fi ṣí i, nítorí ọmọ tó pẹ́ dé lè bá a lọ láìgbọ́ èyí tó kọjá. "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" "Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Kí wọ́n máa pariwo "Ọmọrogùn!" Nígbà tí gbogbo wọn bá ti jókòó, ẹ wá mú àlọ́ àpagbè tó ní orin. Àwọn àgbà kan á fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé alẹ́ ni wọ́n ń pàlọ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, lábẹ́ òṣùpá. Òótọ́ ni. Ẹ sọ fún wọn pé ilé ìkàwé kì í ṣí lálẹ́.

Kí àlọ́ tó tutù lẹ́nu, ẹ mú àwọn ọmọ lọ síwájú àpótí ìwé. Bí ilé ìkàwé yín bá ń lo ìlànà Dewey, tí wọ́n fi ń to ìwé ní nọ́ńbà-nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá lé, abẹ́ 398 ni ìtàn àtẹnudẹ́nu wà, abẹ́ 496.333 sì ni ti èdè Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá nọ́ńbà náà fúnra wọn, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pariwo. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá fẹ́ yá ìwé gba káàdì lójú ẹsẹ̀. Káàdì yẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ ń ṣe gbogbo làálàá yìí, nítorí ọmọ tó bá ní ìwé láti dá padà yóò tún wá láìsí ìkéde.

Fọ́tò dára, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ òbí kí ẹ tó gbé ojú ọmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ààbò ìwífún ti Nàìjíríà ti 2023 béèrè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá rí òbí náà, ẹ ya ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ tàbí ọwọ́ wọn lórí ìwé.

7. Lẹ́yìn ètò

Láàárín ọjọ́ méjì, ẹ sọ bó ṣe lọ. Ètò ti di ìròyìn. Ẹ gbé e sí apá kejì ìwé yín. Iye tó wá gan-an ni kí ẹ kọ. Bí ó bá jẹ́ mọ́kànlá, ẹ kọ mọ́kànlá. Àwọn mọ́kànlá náà wà ládùúgbò, wọ́n sì mọ iye ara wọn. Ẹ lọ yọ gbogbo ìwé ìkéde tó ti kọjá kúrò lára dígí àwọn èèyàn, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹ ṣì ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ sì bi ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó lọ pé, "Ta ló sọ fún ọ?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Tiwa fi hàn pé tíṣà àti onídìrí ló ń pe èrò jù, nítorí náà a kì í tẹ ju ìwé mẹ́wàá lọ mọ́. Ní ti ògiri ẹ̀gbẹ́ tábìlì alábòójútó, àwòrán ìjàpá tí àwọn ọmọ yà ló wà níbẹ̀ báyìí.